Ìbéèrè Mẹ́ta Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Àwọ̀npọ̀

Kí n tó sọ irú èèyàn tí Àlímì jẹ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé mi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń ya fọ́tò ní Agric, n'Ìkòròdú. Mo ti ya ìyàwó tó kó jáde nílé ọkọ kí n tó fọ fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀ tán. Mo ti ya ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n dìmọ́ra, tí wọ́n wá padà pàdé ní kóòtù. Mi ò sọ ti ẹnì kan fún ẹnì kejì rí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ajíbọ́lá lorúkọ mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sì wà lálàáfíà.

Lọ́dún 2002 ni Àlímì gba ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tèmi. Ará Ẹ̀pẹ́ ni, ọ̀kan nínú àwọn tí bàbá ńlá wọn kó kúrò l'Ékòó láyé ogun, tí wọ́n wá tẹ̀dó sétí ọ̀sà. Ó ti fi ọdún mọ́kàndínlógún gun òpó wáyà fún ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kan kí wọ́n tó ní kí òun àti ẹgbẹ́ ẹ̀ máa lọ sílé. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ dé ọ̀fun, kódà nínú ooru oṣù kẹta. Bó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi tó rí i pé fọ́tò kan wọ́ lójú ògiri, kò ní tíì kí mi tí á fi tún un ṣe. Ìyàwó ẹ̀ ti kú nígbà tí Baseerah, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Òun nìkan ló dá a tọ́ títí ó fi di tíṣà.

Káféè ló ṣí síbẹ̀, kọ̀ǹpútà méje, pẹ̀lú abọ́ sátẹ́láìtì ńlá lórí páànù. Ẹ ó rántí bí àsìkò yẹn ṣe rí. Ọ̀pọ̀ káféè, àwọn ọmọ yahoo ló ń gbé wọn ró. Àlímì ò gbà wọ́n láyè rárá. Ó fi ọ̀dà dúdú kọ ọ́ sára ògiri pé: BÍ O BÁ WÁ JALÈ NÍBÍ, ỌLỌ́RUN Ń WÒ Ọ́, ÈMI NÁÀ Ń WÒ Ọ́. Bó bá fura sí ẹnì kan, á lọ dúró sẹ́yìn àga ẹni náà, á máa wúkọ́, á máa wúkọ́, títí onítọ̀hún á fi dìde. Oníbàárà ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀, ẹ ò sì ní béèrè ìdí ẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Kọ̀ǹpútà kẹjọ kan wà lábẹ́ tábìlì ní kọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó tì. Ó fi aṣọ bò ó, ó fún un ní bátìrì méjì tiẹ̀, kò sì jẹ́ kó kú tọ̀sántòru. Inú ẹ̀ ni sáìtì ìdílé Àwọ̀npọ̀ wà. Ìdílé bàbá ẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ nìyẹn. Ó rí sọ́fítíwià kan tí wọ́n ń fún ayé lọ́fẹ̀ẹ́, ó gbé e síbẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara ẹ̀ tò ó bó ṣe fẹ́. Ta ló bí ta, ta ló bímọ lọ́sẹ̀ yìí, ta ló kú tí wọ́n máa sin lẹ́yìn ìrun àsárì, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀. Èmi ni mo bá a fi ẹ̀rọ gba àwọn fọ́tò àtijọ́ wọn sílẹ̀, àwọn bàbá onírùngbọ̀n tí kòkòrò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ojú wọn tán.

Mo bi í nígbà kan pé, “Àlímì, ṣebí àwọn òyìnbó kan wà tí wọ́n á gbà á sọ́dọ̀ fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́? Kí lo wá ń fi epo jẹnẹrétọ̀ ṣòfò sí?”

Ó ní, “Ṣé wàá kó ìwé ilẹ̀ bàbá ẹ lọ sílé ẹni tó ò mọ̀, torí pé ó ní òun ò ní gbowó lọ́wọ́ ẹ?”

Mo ní ilẹ̀ bàbá mi ò níwèé. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún fọ́tò kan ṣe lójú ògiri mi, ó lọ.

Ohun tó jẹ́ ọ̀ràn nínú sáìtì náà ni ẹnu ọ̀nà ẹ̀. Kó o tó wọlé, á bi ọ́ ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí lorúkọ ìyá ẹ? Ilé wo ni wọ́n ti gbé e wá sílé ọkọ? Ọjọ́ wo ni wọ́n bí ọ? Lẹ́yìn náà ni wàá wá mú páásíwọ̀ọ̀dù tìrẹ. Àlímì ò hùmọ̀ ẹ̀ o. Ọ̀dọ̀ Ìyá Fàlílátù, àbúrò bàbá ẹ̀, ló ti rí i. Ojoojúmọ́ ni ìyá yẹn ń jókòó sórí àpótí lẹ́nu géètì ilé wọn ní Ẹ̀pẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń kọjá níwájú ẹ̀ tí kò ní bi í pé, “Ọmọ ìyá ta ni ọ́?” Kì í béèrè bàbá. Ilé olórogún ni. Gbogbo ayé ló mọ orúkọ bàbá, òun lẹni tó bá fẹ́ purọ́ wọlé á sì kọ́kọ́ há sórí. Ìyá àti ilé ìyá, ọmọ tòótọ́ ló mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún 2008 ni Uwais rí Baseerah, tó ní òun máa fẹ́ ẹ. Ọmọ Alhaji Tàjùdéèn ni Uwais, Alhaji tó ní ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta ní èbúté Ìpakodò. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n. Wọ́n ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́, wọ́n rán èèyàn lọ ṣèwádìí ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n gbọ́ dáadáa níbẹ̀, wọ́n sì mú ọjọ́ yìgì. Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Rùkáyàt, ẹ̀gbọ́n Uwais, ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan l'Ékòó. Kò ní ibi kankan lọ́kàn. Ó kàn fẹ́ fi fọ́tò àwọn àna tuntun han àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Ó tẹ orúkọ ìdílé Àwọ̀npọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, gbogbo ojú kọ̀ǹpútà bá pupa fòò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní gẹ̀ẹ́sì pé kó má wọ ibẹ̀, pé ibùba ni, pé wọ́n ń fi ẹ̀tàn gba àṣírí èèyàn níbẹ̀ láti fi jà á lólè. Ilé iṣẹ́ ńlá kan lókè òkun, tí gbogbo ayé ń bá wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Irú olè yẹn gan-an ni Rùkáyàt ń bá jà lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, bàbá ẹ̀ ti gbọ́.

Àwa tó wà ní Agric náà gbọ́. Àwọn oníbàárà rí ojú pupa yẹn nínú káféè Àlímì fúnra ẹ̀. Àwọn tó ń ta káàdì lábẹ́ agboòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣẹ̀fẹ̀: “Àṣé ìdí tó fi ń lé àwọn ọmọ yahoo nìyẹn! Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun pín ọjà ni!” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín.

Àlímì kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà. Fọ́ọ̀mù kan wà tí èèyàn á kún láti fi sọ pé wọn ò gba tòun rò dáadáa. Ó kún un, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fi í ránṣẹ́. Èsì dé lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n ti gbọ́, wọ́n á tún un wò. Ẹ̀rọ ló kọ èsì náà. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, wọ́n ní àwọn ti tún un wò, ohun tí àwọn rí tẹ́lẹ̀ náà ni àwọn rí.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó ní, “Ajíbọ́lá, bó bá jẹ́ àgọ́ ọlọ́pàá ni, mo mọ̀ bí mo ṣe máa dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn títí wọ́n á fi dá mi lóhùn. Àwọn wọ̀nyí, níbo lẹnu ọ̀nà wọn wà?”

Mo ní Ọlọ́run á ṣe é. Ohun tí èèyàn ń sọ nìyẹn.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e ni Alhaji Tàjùdéèn wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní òun fẹ́ ya páásípọ́ọ̀tù. Mo gbé àga fún un níwájú aṣọ funfun, mo ń tan iná, ó sì ń wo ògiri tó wà láàrin ṣọ́ọ̀bù mi àti ti Àlímì.

Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ múlé ti bàbá Baseerah. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ló fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn. Irú èèyàn wo ni?”

Mo ní, “Alhaji, kálukú ló mọ ohun tó ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Èmi, fọ́tò ni mo mọ̀.”

“Àwọn tó ń wọlé tó ń jáde ńkọ́? Ṣé ẹ rí ohun tó kọ yín lóminú?”

“Oríṣiríṣi èèyàn ló ń wọ káféè, Alhaji. Ẹ gbé àgbọ̀n yín sókè díẹ̀.”

Ó gbé àgbọ̀n sókè, mo yà á. Ojú ẹ̀ nínú fọ́tò yẹn kò dùn. Ó ní òun á padà wá gbà á, ó lọ. Mi ò parọ́ kan níbẹ̀ o. Ẹ lọ tún un kà. Mo jẹun ọ̀sán mi, mo sì yó.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, àwọn ará Ìpakodò ránṣẹ́ pé kí wọ́n ṣì fi ọ̀rọ̀ yìgì náà mọ́ bẹ́ẹ̀ ná. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí “mọ́ bẹ́ẹ̀ ná” túmọ̀ sí lẹ́nu àgbà. Wọn ò sọ pé àwọn ò fẹ́ mọ́. Wọn ò sì dá ọjọ́ mìíràn.

Àlímì ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ń ka ìwé. Gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ yẹn kọ nípa bí wọ́n ṣe ń dá ibùba mọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó ń fi bírò fa ìlà sábẹ́ ẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó gbá ògiri gbà-gbà-gbà, ó ní kí n wá. Ìlà kan ló fi hàn mí. Wọ́n ní kí èèyàn ṣọ́ra fún ojú ewé tó bá ń béèrè orúkọ ilé ìyá ẹni, ọjọ́ ìbí ẹni àti páásíwọ̀ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbéèrè tí báńkì ń fi í dá oníbàárà mọ̀ ni, ohun tí olè sì ń wá kiri nìyẹn.

“Ìbéèrè Ìyá Fàlílátù,” ó wí. “Ẹ̀rọ yẹn ò dé Ẹ̀pẹ́ rí. Ó rí ẹni tó ń béèrè ìyá oníyàá, ó ní olè ni.”

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ojú ẹ̀. Mo ní kó yọ ọ́, kò ju iṣẹ́ wákàtí kan lọ. Ó ní rárá. Ó ní ilé tí kò bá lẹ́nu ọ̀nà, ìta gbangba ni, òun ò sì ní kó òkú àti ọmọ tuntun ìdílé òun sí ìta gbangba torí pé ẹ̀rọ kan ò gbédè. Orí ẹ̀ le. Mo ti mọ̀ tipẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo ní iṣẹ́ fọ́tò ní iléèwé kan ní Ẹ̀pẹ́, a bá jọ gbé mọ́tò kan. A kọjá oríta Agbówà, ìlú ìyá mi, a ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí a dé iwájú ilé Àwọ̀npọ̀, Àlímì sọ̀ kalẹ̀, èmi jókòó sínú mọ́tò. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ìyá Fàlílátù wà lórí àpótí ẹ̀, ó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún, ó fi súwẹ́tà lé bùbá. Wíńdò mọ́tò ṣí, mo sì ń gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Àlímì ṣàlàyé fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá náà fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Ó wá ní, “Ta ló ní kó o kó ìbéèrè mi fún irin? Bí mo bá bi èèyàn, ojú ẹ̀ ni mo máa ń wò. Bí kò bá sí nítòsí, mo máa ń gbọ́ bí ohùn ẹ̀ ṣe ń rìn. Irin ò lójú, irin ò létí. Olúwarẹ̀ á bi ni léèrè, kò ní mọ ẹni tó dá a lóhùn! Ìwọ lo ṣi í lò, Àlímì. Dá a padà fún mi.”

Ó tú ìdí ìró ẹ̀, ó yọ fóònù kékeré kan tó dì sínú áńkáṣíìfù. “Kọ nọ́ńbà mi sẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kó pè mí. Bí mo bá mọ ìyá ẹ̀, màá ní kó o ṣílẹ̀kùn fún un.”

Àlímì dọ̀bálẹ̀ fún un. Bó ṣe ń dìde ni ìyá náà na ọwọ́ sí mọ́tò, ó ní, “Ìyẹn ńkọ́? Ta nìyẹn?”

“Aládùúgbò mi ni, Ìyá.”

“Ó ń gbọ́, kò sì sọ̀ kalẹ̀,” ìyá àgbà wí. Mo gbé kámẹ́rà mi, mo ń nu ojú ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Àlímì yọ ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, ó fi nọ́ńbà ìyá àgbà rọ́pò wọn, ó tún kún fọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ojú pupa náà ti lọ. Wọ́n fi ìlà kan ránṣẹ́ pé àwọn ò rí ohun tó burú níbẹ̀ mọ́. Kò sí “ẹ má bínú” níbẹ̀. Àlímì tẹ ìlà náà sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó gún régé. Ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Ìpakodò.

Ọjọ́rú, wọn ò fèsì. Ọjọ́bọ̀, wọn ò fèsì. Ọjọ́ Ẹtì, Àlímì dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní, “Kí ló tún kù?” Mo ní mi ò mọ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan péré kí ọjọ́ yìgì tí wọ́n ti mú tẹ́lẹ̀ pé. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn, Baseerah wọlé tọ̀ mí wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe. Ó ti gbẹ.

Ó ní, “Bàbá Onífọ́tò, Uwais sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi. Ó ní kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà ló ń da bàbá òun láàmú. Wọ́n ní àwọn béèrè bàbá mi lọ́wọ́ ẹnì kan ní sàkání ibí, ẹni náà ò sì rí ọ̀rọ̀ rere kan ṣoṣo sọ. Ta nìyẹn lè jẹ́? Ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo èèyàn níbí.”

Páásípọ́ọ̀tù ni mò ń gé. Mo gé etí oníbàárà kan kúrò.

Mo ní, “Mi ò mọ ẹni tó lè jẹ́, ọmọ mi.”

Ó ní, “Ẹ ṣé, sà. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ̀yin náà.” Ó lọ.

Ojú tì mí. Mi ò ní fi í pamọ́ fún yín. Wọ́n ní adákẹ́-má-fọhùn, a ò mọ ti ẹni tí í ṣe. Alhaji ò mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ó sì ti mú èyí tó burú jù. Ẹ̀rọ yẹn ò rí Àlímì rí láyé, ó pè é lólè, ó tún un wò, ó yọwọ́. Èmi tí mo ti mọ̀ ọ́n fún ọdún mẹ́fà ńkọ́? Lọ́dún 2005 tí àgbàrá wọ ṣọ́ọ̀bù wa, páálí fọ́tò mi ni ọkùnrin yìí kọ́kọ́ gbé lérí, tó ń wọ́ omi kọjá, tí kọ̀ǹpútà mẹ́ta tiẹ̀ sì kú sínú omi lẹ́yìn ẹ̀. Kò gbé e sọ fún mi láti ọjọ́ náà. Èmi náà ò gbé e sọ fún Alhaji. Mo ní kó gbé àgbọ̀n sókè.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo mú páásípọ́ọ̀tù Alhaji tí kò padà wá gbà, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìpakodò. Mo bá a létí omi, ó ń wo àwọn tó ń dí ihò ọkọ̀ kan. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ ti àgbàrá fún un. Mo sọ ti ohun tí Àlímì kọ sára ògiri, àti bó ṣe máa ń wúkọ́ lẹ́yìn àga àwọn ọmọ yahoo títí wọ́n á fi gbà á ní ọ̀tá. Mo sọ bó ṣe dá ọmọ tọ́. Mo ní bí mo bá lọ́mọbìnrin, tí Àlímì sì lọ́mọkùnrin, mi ò ní rán ẹnikẹ́ni lọ ṣèwádìí kankan. Gbogbo ẹ̀ ò gbà ju bí ẹni fọ fọ́tò kan lọ.

Alhaji gba páásípọ́ọ̀tù ẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó fi í sápò.

Ó ní, “Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Rùkáyàt ti sọ fún mi pé ẹ̀rọ ti yọwọ́. Ìwọ là ń dúró dè.”

Ọjọ́ tí wọ́n mú tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n so yìgì, ní Ẹ̀pẹ́. Àlímì ò bi mí léèrè ohunkóhun títí dòní, èmi náà ò sì tíì sọ fún un. Mo gbé kámẹ́rà mi débẹ̀ kí lèmọ́mù tó dé. Ìyá Fàlílátù wà lórí àpótí ẹ̀ lẹ́nu géètì, fóònù wà lórí itan ẹ̀. Ó na ọ̀pá dí mi lọ́nà.

“Ọmọ ìyá ta ni ọ́?”

“Ọmọ Wúràọlá ni mí, mà. Agbówà ni wọ́n ti wá.”

Ó wo ojú mi. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un pé mo ti dákẹ́ fún Alhaji rí.

“Ṣé o ti sọ̀rọ̀?”

“Mo ti sọ̀rọ̀, mà.”

Ó gbé ọ̀pá kúrò. “Wọlé.”